Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi mi ń gbóná, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkọ̀ fáíbà kékeré kan ni mo fi ń gbé àwọn tó fẹ́ wo ẹyẹ àtàwọn tó fẹ́ fi ìwọ̀ pa ọbọ̀kún lójú ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, ẹ́ńjìnnì 40HP ló wà nídìí ẹ̀. Koríko orí omi tó ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò yẹn ló ń dà mí láàmú, tójò bá ti pọ̀ ṣe ló máa ń bo gbogbo ojú omi, á wá wé mọ́ pòròpẹ́là. Ìyẹn ò le, màá paná ẹ́ńjìnnì, màá gbé e sókè, màá fọ̀bẹ gé e kúrò. Ṣùgbọ́n tá a bá tún gbéra, omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, tó yẹ kó máa tú jáde lẹ́yìn ẹ̀, á wá tín-ín-rín bí ìtọ̀ ọmọ ọwọ́, álàámù á bẹ̀rẹ̀ sí í ké fíìì, gbogbo ẹyẹ tí wọ́n sanwó wá wò á fò lọ! Mẹkáníìkì mi ní gásíkẹ́ẹ̀tì (ohun tó ń dí àárín irin ẹ́ńjìnnì kó má baà jò) ni ká pààrọ̀, owó gọbọi ló pè. Lójú tèmi, ìmpẹ́là tó ń fa omi ló ti jẹ, àbí kí koríko ti dí ibi tómi ń gbà wọlé. Èwo ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wakọ̀ lápá Ìkòròdú àti Bàdágírì, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ẹ tún bá mi sọ o, ṣé iye èèyàn lẹ fi ń gbowó ni àbí odidi ọkọ̀ ni wọ́n ń háyà?