Èsì: “Thrash” tí ẹ ń wá Yorùbá rẹ̀ yẹn, ohùn ni o, kì í ṣe ariwo

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo ti ń ka èsì yín, mo ní kí n kàn máa wò ó, àmọ́ ibi tọ́rọ̀ dé lánàá yẹn mi ò lè dákẹ́ mọ́. Fẹ́ni tí ò bá wa dé ìbẹ̀rẹ̀: ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan ló ń túmọ̀ àpilẹ̀kọ kan nípa àwọn tó fẹ́ràn orí rélùwéè onídísù nílùú ọba, ìyẹn ọkọ̀ tó ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì, tó ń fa kọ́ọ̀ṣì, wọ́n wá kan gbólóhùn kan tó ní àwọn èèyàn yẹn máa ń rìnnà jíjìn nítorí “thrash”, ìyẹn bí ẹ́ńjìnì ṣe ń dún nígbà tí awakọ̀ bá fún un ní gbogbo agbára, wọ́n bi wá pé kí ni ká pè é. Ẹnì kan ní “ariwo ẹ́ńjìnì”. Ẹnì kan ní “lílù”, torí ohun tí dikíṣọ́nárì sọ nìyẹn. Bàbá wa kan ní “ìbúramúramù”. Àfi bó ṣe di àná tẹ́nì kan ní ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú, pé Yorùbá wo ló máa fẹ́ràn ariwo jẹnẹrétọ̀ tó gun ojú irin, nítorí náà kò lè sí ọ̀rọ̀ fún un lédè wa.

Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Torí irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tojú mi. Agbègbè Manchester ni mò ń gbé, ọkùnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló mú mi lọ sí Bury lọ́jọ́ Sátidé kan, sí ibùdókọ̀ Bolton Street, níbi táwọn rélùwéè àtijọ́ ti East Lancashire Railway ti ń gbéra. Orí dísù nìkan ni wọ́n kó jáde lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé fọ́tò ni wọ́n á máa yà, àwọn kan sì ń yà á lóòótọ́, àmọ́ àwọn tó pọ̀ jù, bàbá àgbàlagbà ni wọ́n, inú kọ́ọ̀ṣì tó sún mọ́ orí rélùwéè jù ni gbogbo wọn há ara wọn mọ́, wọ́n yọrí síta lójú fèrèsé, wọ́n dijú, bí ìgbà tí èèyàn bá ń gbọ́ onílù tó mọ̀ ọ́n lù. Ọ̀kan gbé máìkì síta, ó fi fóòmù bò ó kí afẹ́fẹ́ má bàa bà á jẹ́. Nígbà tó yá a dúró sórí pèpéle, orí rélùwéè kan ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, a ò tíì rí i rárá, ọ̀gbẹ́ni tó mú mi wá ti ní “Class 40 nìyẹn”, oríṣi orí rélùwéè kan ló ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yọ, Class 40 ni lóòótọ́. Mo bi í pé báwo lo ṣe mọ̀, ó wò mí bí ẹni pé mo bi í báwo ló ṣe mọ ìyàwó ẹ̀ lórí fóònù.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ariwo ni orúkọ tá a máa ń fún ohun tá a fẹ́ kó dáwọ́ dúró. Ariwo ọjà, ariwo ọmọdé, “ariwo yín ti pọ̀ jù”. Èèyàn kì í wọkọ̀ láti Scotland wá sí Bury kó lè wá gbọ́ ariwo. Ìró ńkọ́? Ìró ò burú, ìró ìbọn, ìró ẹsẹ̀, àwọn olùkọ́ gírámà pàápàá ti mú un fún kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì, àmọ́ ìró kì í sọ ẹni tó ni ín fún ọ, ó kàn ń sọ pé nǹkan kan dún ni. Ohùn lohun tó ní olóhun. O wà nínú yàrá, o gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn ògiri, o ní “Ìyá Bọ́lá ti dé”, o ò tíì rí i o. A ń sọ pé ohùn gángan, ohùn ìyá ìlù, kì í ṣe pé ìlù ní ọ̀fun, àmọ́ a mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí òmíràn. Àwọn onímọ̀ èdè wa náà ló mú ohùn fún ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀, ó sì bá ọ̀rọ̀ yìí mu gan-an torí Class 40 yẹn, tó bá dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ohùn méjì lẹ ó gbọ́ pọ̀, ọ̀kan wà nísàlẹ̀ tó ń lọ gbì-gbì-gbì, èkejì wà lókè tó ń súfèé fíìì láìdákẹ́, túbò tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnì ló ń ṣe ìyẹn. Ìdí nìyẹn táwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ fi ń pè é ní Whistler. Asúfèé. Ẹ ò rí i pé kò ṣòro?

Igba (200) ni wọ́n ṣe nínú rẹ̀ láàárín 1958 sí 1962, English Electric ló ṣe wọ́n. Ilé iṣẹ́ yẹn kan náà ló ṣe Class 37, tí iye rẹ̀ jẹ́ 309, láti 1960 dé 1965, sílíńdà méjìlá, agbára ẹṣin 1,750. Èyí ni wọ́n ń pè ní Growler, ìyẹn ohun tó ń bú ramúramù. Bàbá wa tó mú “ìbúramúramù” wá, ẹ forí jìn mí sà, ọ̀rọ̀ yín dára púpọ̀, àmọ́ ibí gan-an ló ti wúlò: Class 37 ló yẹ ká pè ní Abúramúramù. Kò lè jẹ́ “thrash”, torí “thrash” kì í ṣe ti oríṣi orí rélùwéè kan ṣoṣo. Class 20 ní tiẹ̀, bíi hẹlikọ́pítà ló ń dún, Chopper ni wọ́n sọ ọ́. Class 50, àwọn fáànù inú ẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ń dún bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbálẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n bá sọ ọ́ ní Hoover. Rélùwéè eré sísá HST tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1976, ẹ́ńjìnì Paxman Valenta inú rẹ̀ kì í bú, kì í kùn, ńṣe ló máa ń han, ó ń han gan-an-ran, nígbà tí wọ́n sì wá yọ Valenta tí wọ́n fi ẹ́ńjìnì MTU ará Jámánì rọ́pò rẹ̀, àwọn èèyàn ṣọ̀fọ̀ ohùn yẹn, wọ́n ò ṣọ̀fọ̀ ọkọ̀ o, ọkọ̀ ṣì ń sáré bó ṣe ń sáré, ohùn ni wọ́n ṣọ̀fọ̀ ẹ̀.

Ti oríṣi orí rélùwéè tí wọ́n ń pè ní Deltic ló wá ga jù. Méjìlélógún péré ni wọ́n ṣe, 1961 sí 1962. Ẹ́ńjìnì Napier tó wà nínú rẹ̀, àwọn ọkọ̀ ojú omi ológun tó ń sáré ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, wọ́n to sílíńdà rẹ̀ ní igun mẹ́ta bíi lẹ́tà delta ti àwọn Gíríìkì, sílíńdà 18, písítìnì 36, torí písítìnì méjì méjì ló ń pàdé ara wọn nínú sílíńdà kan. Ẹ́ńjìnì méjì nínú orí kan, agbára ẹṣin 3,300 lápapọ̀. Òun ló ń fa èrò nígbà yẹn láti King's Cross ní Lọ́ńdọ̀nù dé Edinburgh, ọgọ́rùn-ún máìlì láàárín wákàtí kan. Ní January 2, 1982 ni British Rail, ilé iṣẹ́ rélùwéè ìjọba nígbà yẹn, fi í sáré ìkẹyìn. Mẹ́fà nínú wọn ló ṣẹ́ kù, ọ̀kan jẹ́ ti mùsíọ́ọ̀mù rélùwéè ìjọba. Ohùn tiẹ̀, hùùùn tó ń gùn tí kò já ni, bí oyin tó ń kùn nínú ihò àpáta. Mi ò fẹ́ fún un lórúkọ Yorùbá, Deltic lorúkọ ẹ̀, ká fi í sílẹ̀.

Ẹni tó ní Yorùbá ò lè fẹ́ràn irú ìró báyìí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni alùpùpù? Ṣé kì í ṣe inú ohùn ẹ́ńjìnì rẹ̀ lorúkọ yẹn ti jáde? Àwọn bàbá wa gbọ́ pù-pù-pù, wọ́n ò sọ pé “kẹ̀kẹ́ aláriwo”, wọ́n sọ ọ́ ní alùpùpù, orúkọ yẹn ṣì wà dòní, ìwé ìròyìn ń lò ó, ọlọ́pàá ń lò ó. Ohun táwọn ará ìlú ọba ń ṣe pẹ̀lú Chopper àti Whistler, àwa náà ti ṣe é. (Ẹni tó mú “lílù” wá, ibí ni mo ti rí díẹ̀ nínú ọgbọ́n yín, torí “lù” wà nínú alùpùpù. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá kọ “wọ́n rìnnà jíjìn nítorí lílù”, ẹgba ni gbogbo èèyàn máa rò.) Ti jẹnẹrétọ̀ náà ńkọ́? Ta ni nínú wa tí kò mọ ti aládùúgbò ẹ̀ yàtọ̀? Ní ìlú ìyá mi, ẹ́ńjìnì Lister tó ń lọ ẹ̀gẹ́, bó bá ti ń dún láàárọ̀, ìyá àgbà á ní “wọn ò tíì gbé ẹ̀gẹ́ sí i, òfìfo ló ń lọ”, ó jókòó sílé o, kò dé ibẹ̀. Etí yẹn gan-an làwọn bàbá Bury ń lò.

Ẹ tún wo fàkàfìkì. Gbogbo ọmọdé tó bá fẹ́ ṣe bíi rélùwéè, fàkàfìkì fàkàfìkì ló máa ṣe. Ó dùn, ó péye, àmọ́ ohùn rélùwéè elédùú ni. Nínú ọkọ̀ elédùú, bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ṣe ń yí ni èéfín ṣe ń já jáde, tí ẹsẹ̀ bá yára, fàkàfìkì á yára. Dísù ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí, ẹ́ńjìnì kì í yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ló ń yí, iná tí jẹnẹrétọ̀ yẹn bá ṣe ló ń lọ sínú mọ́tò tó ń yí ẹsẹ̀. Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kúrò ní pèpéle, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rá pálá, ẹ́ńjìnì ti ké dé góńgó, ilẹ̀ ń mì, èéfín ń tú, ọkọ̀ ò tíì rin ogún mítà. Ìṣẹ́jú yẹn gan-an làwọn èèyàn yẹn ń wá kiri! Ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn, tàbí ìgbà tó bá ń gun òkè. Ohun tí wọ́n ń pè ní “thrash” nìyẹn, ohùn ẹ́ńjìnì nígbà tí awakọ̀ bá fún un ní gbogbo agbára tó ní.

Nítorí náà ohun tí mo mú wá rèé: ohùn ìtẹná. Láti inú tẹ iná, tẹná, tí gbogbo dírẹ́bà àti mẹkáníìkì wa ń sọ lójoojúmọ́. “Tẹná mọ́ ọn jàre.” Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ìtẹná tí ò ní mọ̀ pé ẹ́ńjìnì ti gba agbára, kò sì bìkítà bóyá ohùn yẹn ń bú ni o, ó ń súfèé ni o, ó ń han ni o. Ẹnì kan lè ní awakọ̀ rélùwéè kì í fẹsẹ̀ tẹ nǹkan kan, ọwọ́ ló fi ń ti lífà. Òótọ́ ni, àmọ́ ọlọ́kadà náà ọwọ́ ló fi ń lọ́ ọ, a ṣì ń sọ fún un pé kó tẹná. Pẹ̀lúpẹ̀lù, iná gan-an lẹ́ńjìnì yẹn ń ṣe, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ wá ìyẹn, ó kàn bọ́ sí i ni.

Àwọn kékeré tó kù. “Locomotive”, ẹ jẹ́ ká fi “orí rélùwéè” sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ń sọ orí tírélà, kí la fẹ́ fi “ẹ̀rọ afakọ̀-ojú-irin” ṣe. “Clag”, ìyẹn èéfín dúdú tí wọ́n tún fẹ́ràn, èéfín náà ni, ẹ má ṣẹ̀dá nǹkan kan. “Kettle” táwọn onídísù fi ń pe ọkọ̀ elédùú, kẹ́tùlù ni, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, torí British Rail ti pa iná elédùú ní August 1968 kí púpọ̀ nínú wọn tó gbọ́njú, kẹ́tùlù kì í ṣe ọkọ̀ ìgbà èwe wọn.

Ọ̀rọ̀ “àwọn olólùfẹ́” tí ẹ̀gbọ́n wa kọ, ó dáa, àmọ́ mo fẹ́ràn “akúndùn” jù ú lọ. Ìfẹ́ lè wà fún gbogbo nǹkan, àmọ́ ohun téèyàn bá kúndùn, ó ti tọ́ ọ wò, ó ń pa dà síbẹ̀, bí ẹni tó kúndùn ẹ̀wà aganyin tó máa kọjá ilé oúnjẹ mẹ́ta kó tó dé ibi tó fẹ́. Àwọn kan nínú wọn kì í bèèrè ibi tí ọkọ̀ ń lọ rárá, nọ́ńbà orí tó ń fà á ni wọ́n ń bèèrè. Ẹ má gbà kẹ́nikẹ́ni kọ “wèrè rélùwéè”, ọ̀wọ̀ ò sí níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, gbólóhùn yín yẹn, tó bá jẹ́ èmi ni, báyìí ni mo máa kọ ọ́: “Àwọn akúndùn rélùwéè yìí máa ń rìnnà jíjìn kí wọ́n lè gbọ́ ohùn ìtẹná Abúramúramù nígbà tó bá ń gbéra ní pèpéle.” Tẹ́ ẹ bá rí i pé “Abúramúramù” máa da òǹkàwé rú, ẹ kọ Class 37, ẹ fi ohùn ìtẹná sílẹ̀.