Ẹ́ńjìnnì onípísítìn tí òòfà iná ń fà kò lè wa ọkọ̀ ìṣeré mi nílẹ̀

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo wé wáyà kọ́pà, irú èyí tí wọ́n fi ń wé mọ́tò fáànù, mọ́ páìpù ike láti fi ṣe kọ́ìlì fún ọkọ̀ onírímóòtù mi. Gígùn wáyà náà jẹ́ mítà 20, ó nípọn tó ìdajì mìlímítà, irin sì ni písítìn tó ń fà wọlé, tí kránkì (apá irin tó ń yí táyà) ń tì jáde. Bí mo bá gbé ọkọ̀ náà sókè, táyà rẹ̀ ń yí dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá ti kanlẹ̀, á dúró, kọ́ìlì á sì gbóná débi pé kò ní ṣeé fọwọ́ kàn. Bátìrì fóòtì 7.4 ni mo lò. Níbo ni mo ti ṣì í?

Bàbá Oníwáyà:
O kú akitiyan. Ìdènà tí mítà 20 irú wáyà yẹn ń fún iná kò ju nǹkan bí óòmù 1.7 lọ, nítorí náà bí ẹ́ńjìnnì bá há nígbà tí iná ṣì wà lórí kọ́ìlì, áńpíà tó lé ní 4 ni yóò máa gbà á kọjá, ìyẹn sì ń di ooru bíi wáàtì 32. Irú wáàtì bẹ́ẹ̀ ni áyọ́ọ̀nù kékeré tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì máa ń lò. Àkókò tí iná ń kú ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Òòfà iná kò mọ̀ ju kó fa irin sí àárín kọ́ìlì. Bí iná kò bá tíì kú nígbà tí písítìn débẹ̀, kò ní jẹ́ kó jáde mọ́, ẹ́ńjìnnì á wá máa bá ara rẹ̀ jà. Sún ohun tó ń tẹ súìṣì lára kránkì díẹ̀díẹ̀, kí iná lè kú kí písítìn tó dé àárín.

Àdùkẹ́:
Òótọ́ ni Bàbá sọ, ṣùgbọ́n kọ́ìlì kan kò tó, torí pé ìdajì ìyípo ni kì í ṣiṣẹ́. Ṣe méjì, kí ọ̀kan máa fà nígbà tí èkejì bá ń jáde, kí o sì fi páìpù irin bò wọ́n láti ìta kí òòfà wọn lè le sí i. Jọ̀wọ́, má gbàgbé dáyódì (ohun tí kì í jẹ́ kí iná gba ju ọ̀nà kan lọ), kí iná tó ń ta padà nígbà tí súìṣì bá ṣí má baà jó súìṣì náà. Irú iná bẹ́ẹ̀ ló ba ohun tó bo wáyà ọkọ̀ ojú irin oníná tí Charles Grafton Page, onímọ̀ nípa iná mànàmáná, ṣe jẹ́ ní Amẹ́ríkà ní 1851, nígbà tó wà á láti Washington lọ sí Bladensburg.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo sún un lálẹ́ àná, ọkọ̀ náà sì rìn lórí táìsì láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga kó tó dúró. Kọ́ìlì rẹ̀ kàn lọ́ wọ́ọ́wọ́ ni. Mo ti ń wé èkejì lọ́wọ́.