Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n kúrò nínú Java ni?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà. Mo ṣe áàpù kan fún àwọn alájọ tó ń gba owó kiri ní Ṣábó àti Lágere: ẹni tó dá, iye tó dá, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kódà bí dátà bá tán. Java, ọ̀kan lára àwọn èdè tí a fi ń kọ áàpù, ni mo fi kọ ọ́.

Láti 2019 ni Google ti sọ pé Kotlin, èdè mìíràn bíi Java, ni àwọn máa fi ṣíwájú fún Android. Ìyẹn ò dà mí láàmú, Java ṣì ń ṣiṣẹ́. Ti Play Store ló ká mi lára: láti 31 oṣù kẹjọ 2025, àtúnṣe tí a bá fẹ́ gbé síbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní targetSdk (ẹ̀dà Android tí a ṣe áàpù fún) 35, ìyẹn Android 15. Ìyá tó ń lò ó jù, Android 7 ló wà lọ́wọ́ wọn. Mo mọ̀ pé minSdk (ẹ̀dà Android tó kéré jù tí áàpù lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀) ni tiwọn, òfin yìí kò kàn wọ́n. Àmọ́ lórí fóònù tuntun, bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ti wọ abẹ́ àwọn bọ́tìnì fóònù nísàlẹ̀, torí Android 15 ń fa áàpù kún ojú fóònù látòkè délẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n tún un kọ ní Flutter, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ áàpù kan ṣoṣo fún Android àti iPhone, kó lè wọ iPhone náà. Alájọ wo ló ń lo iPhone ní Ṣábó? $99 lọ́dọọdún ni Apple ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé áàpù síta, $25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni ti Google, n ò sì ní Mac tí wọ́n fi ń ṣe áàpù iPhone.

Ẹni tó bá ti ṣe é rí: ṣé kí n máa fi Kotlin rọ́pò Java díẹ̀díẹ̀ nínú iṣẹ́ kan náà, àbí kí n tún gbogbo rẹ̀ kọ? RAM laptop mi ò ju 8GB lọ o.