Beano Book tí kò ní èèpo: ọdún wo ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Beano Book kan, ìwé ọdọọdún ti Beano, kọ́míìkì àwọn ọmọdé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lọ́wọ́ mi tí èèpo rẹ̀ ti ya dànù tiwájú-tẹ̀yìn. Wọ́n tún ti gé igun ojú ewé tí iye owó máa ń wà, nítorí náà owó kò lè tọ́ka ọdún.

Ibi tí mo bá a dé rèé. Orúkọ inú rẹ̀ kì í ṣe Magic-Beano, orúkọ tí ìwé náà ń jẹ́ láti 1943 dé 1950, nítorí náà kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn yẹn. Little Plum, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá ìtàn Beano, wà níbẹ̀, 1957 ló sì bẹ̀rẹ̀ nínú kọ́míìkì ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Billy Whizz, ẹ̀dá ìtàn mìíràn tó dé ní 1964, kò sí níbẹ̀. Àìsí rẹ̀ kò tó ẹ̀rí ṣá, torí wọn kì í kó gbogbo wọn sínú ìwé kan.

Ẹnì kan fi yíǹkì kọ “Kérésìmesì 1961” sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ìparí ọdún ni wọ́n máa ń ta ìwé ọdún tó ń bọ̀, nítorí náà 1962 ló yẹ kó jẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àlòkù ni wọ́n fi ta ọmọ tó ni ín nígbà náà lọ́rẹ ńkọ́?

Mo ti wo àwòrán àwọn tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èèpo nìkan ni wọ́n ń yà, ohun tí tèmi kò ní gan-an. Mi ò sì fẹ́ ra èèpo àlòkù tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀yin tí ìwé 1961, 1962 tàbí 1963 wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́: ìtàn ta ló ṣáájú nínú tiyín, ìtàn ta ló sì kẹ́yìn?