Ológbò mi ti jẹ nínú oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí mi, ẹ gbà mí

Ìyá Kubwa: Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bú mi, ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn.

Mo ní ológbò kan, Sísí, abo ni, kò tíì pé ọdún kan. Láàárọ̀ yìí mo gbàgbé báàgì mi sórí àga ní pálọ̀, mo lọ gbé ògì kaná. Kí n tó jáde, Sísí ti fa sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí mi yọ, ó ń gbá a kiri ilẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù, ó sì ń gé e jẹ. Ojú ìyá ọkọ mi ló ti ń ṣe é o! Màmá ti Ìlọrin dé láti ọjọ́ Àìkú, wọn ò sì mọ̀ pé mò ń lo nǹkan kan. Wọ́n ní, "Ìyàwó, kí ni ológbò yín ń jẹ yẹn?" Mo ní oògùn orí fífọ́ ni. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Oníwóró 28 ni: funfun 21, búráùn 7. Mo ti lo funfun 12, ó yẹ kó ku 16. Mo ṣa gbogbo èyí tí mo rí sínú àwo, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta: funfun 5, búráùn 4. Méje ò sí níbẹ̀. Ojú eyín rẹ̀ wà lára fóìlì náà wínníwínní, bí ìgbà tí èèyàn fi abẹ́rẹ́ gún un. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan báyìí. Kò bì, kò yàgbẹ́, ó kàn ń wò mí bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè.

Ṣé ó máa kú? Ṣé kò ní lè bímọ mọ́? Èyí ìkẹyìn yẹn, kí n má parọ́, kò dùn mí púpọ̀. Ariwo tó ń pa lóru bó bá ń wá akọ ti sú wa, ọkọ mi ní òun máa gbé e lọ dà sí ọjà.

Bàbá Lugbe: Epo pupa! Ẹ rọ ṣíbí méjì sí i lẹ́nu kó bì í jáde. Bí epo ò bá sí, omi iyọ̀.

Ìyá Nyanya: Bàbá, ẹ má bá wa pa ológbò olólógbò. Dókítà ẹranko wà nínú wa, ẹ jẹ́ kó fèsì.

Dókítà ẹranko, Gwagwalada: Mo ti dé. Ẹ má fún un ní epo, ẹ má fún un ní iyọ̀. Ológbò tí a bá ń rọ epo sí lẹ́nu tipátipá, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni epo ọ̀hún lè gbà lọ. Iyọ̀ ní tirẹ̀, májèlé ni fún un. Bó bá yẹ kó bì, àwa la máa gún un ní abẹ́rẹ́ tó máa mú un bì, láàárín wákàtí kan sí méjì ló sì wúlò jù.

Funfun ni gbogbo yín ń bẹ̀rù. Èmi ò bẹ̀rù funfun. Nínú irú èyí tó wọ́pọ̀, estrogen, ìyẹn họ́mọ̀nù obìnrin, inú wóró funfun kan jẹ́ 0.03 mílígírámù. Mẹ́rin ló sọnù, 0.12 nìyẹn. Bí Sísí bá wọn kílò mẹ́ta, kò tó 0.05 lórí kílò kan. Kó tó lè ba mùdùnmúdùn inú egungun jẹ́, à ń retí bíi mílígírámù 1 lórí kílò kan. Odidi funfun 21 gan-an kò dé ibẹ̀. Ó lè bì díẹ̀, ó lè má fẹ́ jẹun, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Búráùn ni kí ẹ wá! Oògùn ẹ̀jẹ̀ ni, irin ló wà nínú rẹ̀, kò ní họ́mọ̀nù kankan. Wóró kan sábà máa ń jẹ́ ferrous fumarate 75 mílígírámù, bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ni irin gidi, ẹ jẹ́ ká pè é ní 25. Mẹ́ta jẹ́ 75. Fún ológbò kílò mẹ́ta, ó di 25 lórí kílò kan. Láti 20 ni inú ti máa ń dàrú, láti 60 sókè, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ká ní méjèèje ló jẹ, ì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 60 yẹn. Irin sì máa ń tanni jẹ. Láàárín wákàtí mẹ́fà ẹranko á bì, á máa ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ara rẹ̀ á wá balẹ̀ bí ẹni pé ó ti tán. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí ẹ lọ èédú fún un, èédú kì í mú irin.

Ẹ wo abẹ́ fíríìjì, abẹ́ àga, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ológbò kì í sábà fẹ́ gbé oògùn mì, gbígbá ló máa ń gbá a. Ẹ to fóìlì náà pọ̀ kí ẹ wò ó bóyá ó pé, torí èyí tó bá gbé mì lè dí ìfun rẹ̀. Ẹ gbé e dání kí ẹ gun ìwọ̀n, kí ẹ tún gùn ún ní ẹ̀yin nìkan.

Ẹ sì dúpẹ́ pé irọ́ ni oògùn orí fífọ́ tí ẹ pa fún Màmá. Ká ní paracetamol ni, wóró kan ṣoṣo ti tó láti pa á. Ẹ̀dọ̀ ológbò ò lágbára láti tú u bíi tiwa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á di búráùn, erìgì rẹ̀ á dúdú, ojú á wú.

Nọ́ọ̀sì Karu: Ológbò, ológbò. Ìyá Kubwa, ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ẹ ra sáṣẹ́ẹ̀tì mìíràn lónìí, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ dé. Bí ẹ bá fo ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí bàbá lo rọ́bà fún ọjọ́ méje. Ẹ má jẹ́ ká wá jẹ ìrẹsì ìkómọ nítorí ológbò o.

Ìyá Kubwa: Mo ti rí méjì! Búráùn méjì lábẹ́ fíríìjì, eruku ti bò wọ́n. Màmá ló kúnlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ wọ́ ọ jáde, wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Ó ku búráùn kan, funfun mẹ́rin. Fóìlì pé. Èmi nìkan wọn 71, èmi àti Sísí jẹ́ 74.

Dókítà ẹranko, Gwagwalada: 25 pín sí mẹ́ta, kò tó 9. Ọkàn mi ti balẹ̀. Ẹ ṣì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko tó sún mọ́ yín kí wọ́n fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Gwagwalada ti jìnnà jù fún yín.

Ọmọ Suleja: Ẹ má bínú sí mi o. Bí funfun kò bá pa á, kí ló dé tí ẹ ò kúkú máa lọ ọ́ mọ́ ẹja fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ariwo òru á tán, owó iṣẹ́ abẹ á sì kù sí àpò.

Ìyá Kaduna: Àbúrò, mo ti rìn ín rí. Ẹnì kan ní kẹ́míìsì bá mi gún ológbò mi ní abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta tí àwa obìnrin ń gbà. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọmú rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wú, wọ́n pọ́n, wọ́n ń fà nílẹ̀ bó ṣe ń rìn, awọ ibẹ̀ ń dán bí awọ ìlù. Mo gbé e dé Zaria. Ìgbà tí wọ́n là á, ilé ọmọ rẹ̀ ti kún fún ọyún. Ọyún inú egbò ni mò ń wí o, kì í ṣe oyún ọmọ. Owó iṣẹ́ abẹ tí mo sá fún náà ni mo padà san, mo tún wá fi ti oògùn lé e.

Dókítà ẹranko, Gwagwalada: Ó ti bá mi sọ ọ́ tán. Ohun tí ológbò jẹ lẹ́ẹ̀kan tí kò pa á, kì í ṣe ohun tí a ó máa fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ológbò lóyún ti wà tipẹ́, bíi megestrol acetate, ṣùgbọ́n dókítà ní ń wọ̀n ọ́n, ìdí tí a ò sì fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó lè fa ìtọ̀ ṣúgà, ọmú wíwú, jẹjẹrẹ ọmú àti irú ọyún tí Ìyá Kaduna rí yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ariwo. Ẹyin ológbò kì í sábà já àfi bí akọ bá gùn ún. Bí akọ ò bá gùn ún, á dákẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, á tún bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú òyìnbó, nígbà òtútù tí ọ̀sán kúrú, wọ́n máa ń sinmi. Abuja ńkọ́? Oòrùn wa kì í lọ sí ìsinmi, nítorí náà ológbò wa lè máa wá akọ yípo ọdún. Bó bá lóyún, nǹkan bí ọjọ́ 63 sí 65 ló máa bí, ó sì lè tún lóyún nígbà tó ṣì ń fọ́mọ lọ́mú. Ẹ fi ìyẹn ṣírò ìwọ̀nba ilé tí ẹ ní.

Yíyọ ilé ọmọ àti ibi ẹyin ló dáa jù, láti oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n ti lè ṣe é. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2005 rí i pé èyí tí wọ́n bá ṣe fún kó tó pé oṣù mẹ́fà, ewu jẹjẹrẹ ọmú fi 91 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Kó tó pé ọdún kan, 86. Sísí ṣì bá èyí ìkejì.

Alfa Zuba: Ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín pé kó má gbé e dà sí ọjà. Nínú hadiisi, ológbò kì í ṣe ẹlẹ́gbin, ará ilé tó ń rìn yí wa ká ni. Ṣé ẹ mọ ìtumọ̀ Abu Hurayrah? Bàbá ọmọ ológbò. Àwọn aládùúgbò wa Hausa ò sì ní gbà fún un, wọ́n á tẹ̀ lé e délé.

Ìyá Kubwa: A ti dé. Wọ́n ní erìgì rẹ̀ pọ́n dáadáa, ikùn rẹ̀ rọ̀, kí n máa ṣọ́ ọ di ọ̀la. Ó ti jẹ ẹja. Wọ́n ní kó dákẹ́ ariwo akọ tó ń wá yìí kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, torí ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ níbẹ̀ lásìkò yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i la fi sí.

Ìgbà tí mo wọlé, àwo náà ò sí lórí tábìlì mọ́. Àyà mi já. Màmá ti kó oògùn inú rẹ̀ sínú agolo mílíìkì tó ní ìdérí, wọ́n gbé e sókè lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi. Wọ́n ní, "Ibẹ̀ ni kó máa wà, ológbò ò ní dé ibẹ̀." Wọ́n bá bá ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó lọ.

Nọ́ọ̀sì Karu: Ṣé ẹ ti ra sáṣẹ́ẹ̀tì?

Ìyá Kubwa: Mo ti rà á, Nọ́ọ̀sì. Mo ti lo tòní.