Fóònù ní kí n yà, mo yà

Ẹ káàárọ̀ o, ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé Kubwa l'Abuja, gbogbo Sátidé ni mo ń lọ ra ọsàn ní Zuba, mo lè dijú wakọ̀ débẹ̀. Àmọ́ látìgbà tọ́mọ mi ti fi Google Maps tó ń júwe ọ̀nà lórí fóònù hàn mí, mi ò ronú ọ̀nà mọ́, ohun tí ìyá inú fóònù yẹn bá ti sọ labẹ gé.

Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ, òjò ti rọ̀ mọ́jú, mo dé ìtòsí Dei-Dei, fóònù ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà níwájú, kí n yà sọ́tùn-ún. Mo yà. Títì parí, amọ̀ bẹ̀rẹ̀, mo ṣì ń lọ. Bàbá kan tó ń da ewúrẹ́ na ọ̀pá sókè, ó ní "Oga, babu hanya, ruwa ya tafi da gada." Mo gbọ́ Hausa dáadáa o, ó ní ọ̀nà ò sí, omi ti gbé afárá lọ. Ẹ wá gbọ́ èsì tí mo fọ̀: mo na fóònù sí bàbá lójú, pé ọ̀nà nìyí, ẹ wò ó! Ó wo fóònù, ó wo èmi náà, ó da ewúrẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo bá odò pàdé. Ibi tí mo ti ń rífáàsì ni taya ẹ̀yìn rì, ₦6,000 làwọn ọmọ àdúgbò gbà kí wọ́n tó tì mí jáde, ìyá inú fóònù ṣì ń ní kí n máa lọ tààrà.

Ìyá Ìbejì, Nyanya: Ẹ̀gbọ́n, tèmi burú ju tiyín lọ. POS ni mò ń ṣe, ẹ̀rọ ní káàdì obìnrin kan ò lọ, ó fi àlẹ́ẹ̀tì hàn mí lórí fóònù ẹ̀, ₦20,000 ti jáde, mo ní irọ́ ni, ẹ̀rọ mi kì í purọ́. Ó sunkún lọ. Ọjọ́ kejì lowó wọlé sákáǹtì mi, mi ò sì ní nọ́ńbà ẹ̀. Títí dòní, tí mo bá ti rí híjáàbù aláwọ̀ ewé, mo ń wojú.

Ọmọ Ọ̀ffà: Àwọn tó ń wa bàálù náà ò yọ sílẹ̀ o. Air France 447, oṣù kẹfà 2009, láti Brazil sí Paris, yìnyín dí ihò tẹ́rọ fi ń mọ eré tí bàálù ń sá, ni autopilot, ẹ̀rọ tó ń bá wọn wa bàálù, bá jáwọ́ lóru lórí òkun. Ẹni tó ń wà á ń fa imú bàálù sókè, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ló yẹ kó tẹ̀ ẹ́ sí. Èèyàn 228, ẹnì kan ò yè.

Áà, Ọlọ́run ṣàánú. Ìyá Ìbejì, ẹ máa wò ó, ẹ ó rí i. Èmi rí bàbá eléwúrẹ́ ní Sátidé tó kọjá, mo kó ọsàn mẹ́fà fún un, ó gbà á, ó ní "Ina wayar?", fóònù ńkọ́. Mo ní ó wà nílé.