Kí ni "sókè" ń wá nídìí "ìdàgbà"?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Benin. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Kétu dábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí a máa pe ẹ̀kọ́ tí àwọn tó kàwé Faransé mọ̀ sí psychologie du développement, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí ọkàn àti ìwà ènìyàn ṣe ń yí padà láti ìgbà ìkókó títí dé ogbó, ní "ìmọ̀ ìdàgbàsókè ọkàn", kí a sì pe ọ̀nà ìwádìí rẹ̀ méjì tó gbajúmọ̀ jù ní "ìwádìí olóòró" àti "ìwádìí onídàábùú". Inú ọ̀pọ̀ nínú yín dùn sí i. Èmi náà bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò rí "sókè" yẹn gbé mì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti gbà fún wọn. Wọ́n ní "ọkàn" tọ̀nà, nítorí pé Wilhelm Preyer, ará Jámánì tó wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí lélẹ̀, fi ọkàn ọmọ ṣe àkọlé ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1882. Òtítọ́ ni. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá mi ì bá sọ pé iyè ni ọmọdé fi ń mọ nǹkan, ọkàn ni ó fi ń fẹ́ ẹ.

"Ìdàgbà" ti pé. Ẹni tó bá tú u yóò bá "di" àti "àgbà" nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tó kù tí à ń wá. Wọ́n ní gbogbo ayé ti mọ "ìdàgbàsókè" lórí rédíò. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni, ó sì bójú mu ní mérì, ilé ìjọba ìlú, níbi tí wọ́n ti ń ṣèlérí ọ̀nà ọlọ́dà àti iná mànàmáná, torí kò sí ẹni tí í dìbò fún ìlú tó ń lọ sílẹ̀. Ọmọ ènìyàn kì í ṣe ìlú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ọwọ́ kan náà ni, ó dàgbà, ó rí pẹpẹ gbà, ó sì pàdánù kèrègbè. Níbo ni "sókè" wà nínú ìyẹn? Paul Baltes, onímọ̀ ẹ̀kọ́ yìí, ará Jámánì, tẹnu mọ́ ọn ní 1987 pé kò sí ìgbà kan, láti ọmọ ọwọ́ títí dé arúgbó, tí ìdàgbà jẹ́ èrè nìkan. Àdánù ń bá a rìn. Àwọn tó pa òwe yẹn kò dúró dè é.

Ẹ̀rí kan wà tó yẹ kó dùn mọ́ àwa tí à ń jà lórí èdè. Ní 1984, ní Kánádà, Janet Werker àti Richard Tees mú àwọn ìkókó tí a ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tọ́, wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìró kan lemọ́lemọ́. Bí ìró náà bá yí padà tí ọmọ sì yíjú, ohun ìṣeré kan á tàn, á sì máa mì. Lára ohun tí wọ́n lò ni ìró "t" méjì ti èdè Híńdì, tí ó ṣòro fún àgbàlagbà elédè Gẹ̀ẹ́sì láti gbọ́ ìyàtọ̀ wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ oṣù 6 sí 8 gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n bá fi máa tó oṣù 10 sí 12, àwọn tó ń gbọ́ ọ kò tó nǹkan mọ́. Ọmọ náà kò ṣàìsàn, kò sì rẹ̀yìn. Ó ń di ọmọ èdè ilé rẹ̀ ni.

Mo rí ohun tó jọ ọ́ nínú ilé wa. Ìyá ìyá mi, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, gbé Àjàṣẹ́ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, ṣùgbọ́n títí ó fi kú, "Afapa" ló ń pe Avakpa, àdúgbò kan níbẹ̀, torí kò sí ìró "v" nínú Yorùbá tó gbọ́ dàgbà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí òun àti àwọn ọmọ Gùn, tí èdè tiwọn ní "v", jọ dàgbà ní àgbàlá kan náà, á na ètè sí i, á ní, "Ìyá àgbà, ẹ fi eyín kan ètè, kí ẹ jẹ́ kó kùn." Ìyá àgbà á fi eyín kan ètè, á mí èémí, "Afapa" náà ni yóò jáde, àwa ọmọdé á sì wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ìyá kan náà yìí, bí ẹ bá ṣi ohùn gbé lórí sílébù kan ṣoṣo nínú oríkì ìran rẹ̀, inú yàrá ni á ti dá yín dúró.

"Olóòró" tún ni "sókè" tó pààrọ̀ aṣọ. Ohun tó dúró gangan ni a ń wọn òòró rẹ̀. Ẹni tó ń wo ọmọ kan náà láti ọdún dé ọdún kò wọn òòró kankan; ó ń tẹ̀lé e ni, bí Preyer fúnra rẹ̀ ṣe tẹ̀lé ọmọkùnrin rẹ̀ fún ọdún 3 àkọ́kọ́, tó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀ lójoojúmọ́. "Ìwádìí àtẹ̀lé" ni mo dábàá. Ẹ jọ̀wọ́, ohùn ìsàlẹ̀ ni ti "à" yẹn. Ẹnì kan ti sáré kọ ọ́ ní "atẹ̀lé", bẹ́ẹ̀ "a-" ni ti olùṣe, bí akọ̀wé, "à-" sì ni ti ohun tí a ṣe, bí àkọsílẹ̀. Ìwádìí kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni.

"Onídàábùú" ńkọ́? A kó ẹni ogún ọdún, ẹni ogójì àti ẹni ọgọ́ta jọ lákòókò kan náà, a fi wọ́n wéra; "ìwádìí àfiwé ọjọ́ orí" ni kí a pè é, kí orúkọ lè fi ibi tí ewu wà hàn wá. K. Warner Schaie bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irú àfiwé bẹ́ẹ̀ ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, ní 1956, ó sì dà bí ẹni pé kùtùkùtù ni làákàyè ti ń wálẹ̀. Ó padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn kan náà ní 1963, ó sì ń padà lọ ní ọdún méje-méje. Ó wá hàn pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yà làákàyè kì í fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀ kí ènìyàn tó tó 60 ọdún. Ohun tí àfiwé kà sí ogbó, ti ẹgbẹ́, ìyẹn àwọn tí a bí ní sáà kan náà, ló pọ̀ nínú rẹ̀: arúgbó ìgbà náà kò kàwé tó ọ̀dọ́ ìgbà náà. Bí ẹ bá fi tẹlifóònù dán èmi àti ọmọ-ọmọ mi wò, ẹ̀yin náà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọpọlọ mi ti ṣá. "Ẹgbẹ́" sì tó fún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó dábàá "ìsọ̀rí ọdún ìbí" kò bá ẹgbẹ́ dá aṣọ rí.

Ẹ̀gbọ́n wa ní àwọn ti kọ́ olùkọ́ fún ọdún 22, kí ọmọdé má da ọ̀rọ̀ rú. Mo ti pé ẹni ọdún 61, mo sì ti fi 19 nínú rẹ̀ kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé lálẹ́, pẹ̀lú "ɛ" àti "ɔ" tiwa dípò "ẹ" àti "ọ", kí àwọn ará Èkó tó wá sọ fún wa pé àmì abẹ́ nìkan ló tọ̀nà. Ìjà mìíràn nìyẹn, n kò sì tíì gbàgbé rẹ̀.

"Ìmọ̀ ìdàgbà ọkàn" ni mo kọ sínú ìwé kíláàsì mi. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n dá "sókè" padà síbẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ bá mi sọ orúkọ ti arúgbó tó ń gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, tó sì ń parí ìjà tí àwọn ọ̀dọ́ kò rí parí: ṣé ìdàgbàsókè ni, àbí ìdàgbàsílẹ̀?